Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tàbí òwú ọ̀fun: èwo ló ń tú àṣírí infectious bronchitis?

Bí adìyẹ bá ń sín, tí èèpo ẹyin rẹ̀ sì ń rí játijàti, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olóko ń gbé lọ fún àyẹ̀wò infectious bronchitis, àrùn èémí adìyẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Kò wọ́n. Àmọ́ èròjà agbógunti-àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í sọ bóyá àjẹsára ló fà á ni, àbí fáírọ́ọ̀sì láti ìta.

Òwú tí a fi nu ọ̀fun ń náni lówó, ó sì gba yìnyín dé yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì gan-an ló ń gbé wá. Jíìnì S1 rẹ̀, apá tó máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì kan sí èkejì, ni wọ́n ń kà láti mọ ẹ̀yà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹ̀yà IBADAN mọ̀ lára fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà ní 2006. Ó yàtọ̀ gan-an sí Massachusetts, ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì kan náà tó wà nínú ọ̀pọ̀ àjẹsára. Tí adìyẹ tó ti gba àjẹsára bá tún ń sín, òwú ni kí ẹ ná owó lé.