Mòríńgà, Omi Àgbọn àbí Ewé Òkun: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Irúgbìn Òdòdó?

Àwọn kan máa ń rẹ irúgbìn òdòdó sínú àwọn oje wọ̀nyí kí ó lè hù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ owó. Irúgbìn òdòdó bíi zinnia tàbí marigold tó ti kú sínú ọ̀rá, kò sí oje ewé tó lè jí i. Irúgbìn tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Lójú tèmi, mòríńgà ló ṣáájú, torí ewé rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ gún ewé tútù, ẹ fún oje rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹ wá bu omi là á: oje ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30. Èròjà zeatin inú rẹ̀ ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀gbìn máa pín. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí ẹ bá fún láàárọ̀, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Ìyẹ̀fun mòríńgà tí wọ́n ń tà fún mímu ńkọ́? Èmi ò ní náwó sí i níbi tí ewé tútù bá wà.

Omi àgbọn ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1941 ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi tọ́ ọlẹ̀ irúgbìn ìran apikán tó kéré jọjọ, ó sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú rẹ̀, irúgbìn sì lè tètè bu. Ẹ bu omi là á, ẹ rẹ irúgbìn sínú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ ṣàn án kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ má ra oníke tí wọ́n fi ṣúgà kún.

Oje ewé òkun inú ìgò ló wọ́n jù. Irú ewé òkun kan tó ń jẹ́ Ascophyllum ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, etí òkun tútù bíi ti Norway, Ireland àti Kánádà ló sì ti ń wá. Ẹni tó ń gbin ìkòkò mẹ́ta péré kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ehù fún títà ló yẹ, torí kì í tètè bàjẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lára ìgò. Bí wọn ò bá kọ orúkọ ewé òkun náà síbẹ̀, ẹ dá a padà. Kò sì lè dípò ajílẹ̀.

Celosia, òdòdó tó jẹ́ ìbátan ṣọkọ tí à ń sè, irúgbìn rẹ̀ ti kéré jù fún rírẹ. Yóò kàn lẹ̀ mọ́ra wọn ni. Ẹ gbìn ín ní gbígbẹ, kí ẹ wọ́n oje sí i lórí.

Èyí ó wù kí ẹ rà, ẹ gbin 10 pẹ̀lú oje, 10 pẹ̀lú omi lásán, kí ẹ kà wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ra ìgò kejì.