Ìkìlọ̀: kì í ṣe gbogbo ọ̀pá eléyín ni lead screw

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe tábìlì tí mọ́tò ń wọ́ fún ẹ̀rọ tó ń gé irin, ẹ dúró ná kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ fún lead screw, ìyẹn ọ̀pá eléyín tí mọ́tò ń yí kí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ lè máa ti tábìlì náà lọ, kó tì í bọ̀. Bí ẹ bá wọ ọjà Àlàbá, Ládípọ̀ tàbí Owódé Onírin, ẹ máa rí ẹni gidi, ẹ sì máa rí oníjìbìtì. Ẹnu àwọn méjèèjì dùn bákan náà.

Ti ọ̀pá M12 (ọ̀pá eléyín lásán tó nípọn mìlímítà 12) kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń so páìpù mọ́ òkè àjà ni wọ́n ń fi gíríìsì pa, tí wọ́n á ní lead screw ni. Ẹ wo eyín rẹ̀: bó bá ṣóńṣó bí eyín ayùn, ẹ gbé e sílẹ̀. Eyín ojúlówó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí.

T8 (lead screw tó nípọn mìlímítà 8) ló ń mú àwọn tó ti gbọ́n díẹ̀, torí kálípà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan gan-an ló ń tàn wọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ èyí tó ń rin mìlímítà 2 ní yíyípo kan, wọ́n á gbé èyí tó ń rin 8 fún yín. Ẹ wọn àlàfo eyín sí eyín, ẹ bá 2 pérépéré, ẹ sanwó. Ìlà eyín mẹ́rin ló jọ lọ́ mọ́ ọ̀pá yẹn! Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti gé e, ẹ ó rí ibi mẹ́rin tí eyín ti bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí ẹ yí nọ́ọ̀tì nígbà 10: ó yẹ kó rin 20, á rin 80. Pẹ̀lú mọ́tò tó ń fi ìṣísẹ̀ (step) 200 yípo lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ pín step kọ̀ọ̀kan sí 16, dípò step 1600 fún mìlímítà kan, 400 péré lẹ máa rí, agbára tó fi ń ti tábìlì náà á sì dín kù gan-an.

Ball screw tòkunbọ̀, èyí tí bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ ń yí nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ló ń jẹ owó jù. Wọ́n á tú u lára ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n á fi sáńdípépà ha ìpata rẹ̀, wọ́n á wá fi gíríìsì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ lójú yín. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù irin ń gbà gbọ́dọ̀ dán bíi dígí. Bó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí nọ́ọ̀tì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àárín ni tábìlì ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, àárín ló sì ń kọ́kọ́ jẹ: tó bá le létí méjèèjì tó wá ń mì láàárín, ẹ má rà á. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà yọ nọ́ọ̀tì kúrò kó lè fi inú rẹ̀ hàn yín o. Bí kò bá fi túùbù tó bá a mu gbà á, bọ́ọ̀lù á dà sílẹ̀, iye tó bá sì dá padà lẹ máa gbé lọ.

Ball screw tuntun náà ní jìbìtì tirẹ̀. 1605 túmọ̀ sí pé ó nípọn mìlímítà 16, ó sì ń rin 5 ní yíyípo kan. Yíyí 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ 50. Bó bá jẹ́ 100, 1610 ni wọ́n fún yín. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ C7 (orúkọ ìpele bó ṣe péye tó), tó lè fi mìlímítà 0.05 ṣìnà nínú 300, ó sì tó fún tábìlì àfọwọ́ṣe. Ẹ má san owó C5, tó péye jù ú lọ, lé e lórí. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti gé etí rẹ̀ fún BK12 àti BF12, ìjókòó bíárìnì tó ń gbé ọ̀pá náà létí méjèèjì. Ara rẹ̀ le gan-an, ọ̀bẹ lásán lórí lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e) kò ràn án, ọ̀bẹ carbide tó le jù ú lọ ló ń gé e. Owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè lórí ọ̀pá tí wọn ò gé etí rẹ̀, ọ̀dọ̀ onílathe lẹ máa ná an sí.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti ń rà á, ẹ ní kó ṣe fídíò: rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kó yí nọ́ọ̀tì nígbà 10, kó pe orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí i. Tó bá ní páálí ti wà ní títì pa, òun ò lè tú u, ẹ jẹ́ kó máa gbé páálí ẹ̀ lọ.