Lẹ́ńsì Zuiko 28mm f/3.5 lára kámẹ́rà fíìmù àti díjítà

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo lẹ́ńsì Olympus Zuiko 28mm f/3.5, tó máa ń rí ibi gbígbòòrò, lára OM-1 tó ń lo fíìmù àti lára kámẹ́rà díjítà Sony, òun náà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí bí mo bá ń jáde nílé. Gíráàmù 180 péré ni ó wọ̀n, àpò bùbá mi gbà á wẹ́rẹ́. Ohun tí Yoshihisa Maitani, tó ṣe ètò kámẹ́rà OM tí Olympus gbé jáde ní 1972, ń lé gan-an nìyẹn: kí kámẹ́rà má di ẹrù sí onífọ́tò lọ́rùn.

Lára fíìmù ni ó ti wà nílé ara rẹ̀. Níbi ìkómọ kan ní Ìbàdàn, mo ti fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, kò sí ibi tí mo tún lè sún sí, síbẹ̀ ènìyàn 14 ló wọ inú àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán nìkan ni kí a ṣọ́, nítorí ó máa ń fa ojú ẹni tó bá dúró síbẹ̀ gbọọrọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ màmá àgbà pé kí wọ́n jókòó sáàárín. Lójú pópó, bí mo bá yí òrùka iwájú rẹ̀, tó ń dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù, sí f/11, tí mo sì gbé fókọ́ọ̀sì sí mítà 2.5, ohun gbogbo láti nǹkan bíi mítà 1.2 títí dé òkèèrè ni yóò hàn kedere.

Kámẹ́rà díjítà kì í fojú fo nǹkan bíi ti fíìmù. Lójú kọ̀ǹpútà, igun àwòrán tí mo yà ní f/3.5, níbi tí ihò náà ti ṣí tán, kò mú rárá, àfi tí mo bá dé f/8. Oòrùn tó bá sì kọjú sí i máa ń da funfun bo àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ Sony mi, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà díjítà, tóbi tó fíìmù, ìdí nìyẹn tí ibi tí lẹ́ńsì náà ń rí kò fi dínkù. Lára APS-C, ìyẹn kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí fíìmù, bíi 42mm tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ríran, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á fún ìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ti bu nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó tà á búra pé ó mọ́. Ìgbà tí mo tan iná fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí nǹkan tó ta bí okùn aláǹtakùn sára gíláàsì. Ẹ tan iná wò ó kí ẹ tó sanwó. Èyí tí mo ń lò báyìí, inú ike tó dé pinpin ni ó ń sùn nígbà òjò, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu.