Owó ẹgbẹ́ BMC: ohun tí ẹ ó rí gbà, àti ohun tí ẹ kò ní rí

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gun àpáta ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sanwó fún British Mountaineering Council (BMC), ẹgbẹ́ àwa tí a ń gun òkè àti àpáta, lọ́dọọdún, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni nídìí àpáta. Èmi gbà pé owó náà yẹ ní sísan, àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìnṣọ́ránsì ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bí òkúta bá yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tó lọ ba ẹni tó wà nísàlẹ̀, onítọ̀hún lè pè yín lẹ́jọ́, kó ní kí ẹ san owó gbà-má-bínú tí owó oṣù yín kò lè ká. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìnṣọ́ránsì tó wà nínú owó ẹgbẹ́ wà fún. Ẹni tó ní ìyàwó, ọmọ àti gbèsè ilé lọ́rùn kò gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ẹ má wá rò pé káàdì yìí ni yóò sanwó hẹlikópítà tó bá wá gbé yín lórí òkè ní Zermatt, ní Switzerland. Ní England àti Wales, àwọn tó ń yọ èèyàn lórí òkè kì í gbowó, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe: ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ẹ ní Mountain Rescue lẹ fẹ́. Ní Switzerland, wọn yóò fún yín ní ìwé owó tí ẹ ó san. BMC ń ta ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò fún ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó jẹ́ pé òkè Yúróòpù ló ń lọ lemọ́lemọ́, kó wo Austrian Alpine Club, ẹ̀ka ti UK: owó ẹgbẹ́ tiwọn ní ìnṣọ́ránsì ìdóòlà nínú, ẹ sì tún máa sùn ní ilé orí òkè ní owó pọ́ọ́kú.

Ohun tó mú mi dúró nínú BMC ni àpáta fúnra rẹ̀. Ẹ wo Harrison's Rocks, nítòsí Groombridge, tí àwa ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń wọ reluwé lọ. BMC ló ni ín. Olúmọ ni èmi mọ̀ láti kékeré, òkúta tó le koránkorán, àmọ́ yanrìn dídì ni ti Harrison's: awọ òde rẹ̀ ló le, inú rẹ̀ rọ̀. Okùn tó bá ń lọ sókè sódò létí rẹ̀ yóò gé e bí ayùn. Ìdí nìyẹn tí òfin ibẹ̀ fi ní kí ẹ so okùn mìíràn tí kì í gbéra mọ́ òkè, kí karabiner yín, ìyẹn ìkọ́ irin tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, fi rọ̀ kọjá etí àpáta, kí okùn tí ẹ fi ń gùn má fara kan òkúta rárá. Bí òjò bá ti rin ín, ẹ má gùn ún, ẹlẹgẹ́ ló ń dà. Ẹnìkan ní láti máa tọ́jú irú ibi báyìí, owó wa ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyẹ. Òfin 1981 ló dáàbò bo àṣá peregrine, tó máa ń yé sórí àpáta, nínú ìtẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dà á láàmú ti dẹ́ṣẹ̀ sí ìjọba. BMC ń bá àwọn olùtọ́jú ẹyẹ jókòó, wọ́n á fẹnu kò lórí apá àpáta tí a ó fi sílẹ̀ àti oṣù tí a ó padà síbẹ̀, wọ́n á sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo èèyàn rí i. Bí kò bá sí ìjókòó bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ lè ti gbogbo ibẹ̀ pa. Láti 1944 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣojú àwa tí a ń gòkè, ọmọ ẹgbẹ́ sì ní ìbò ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún.

Tó bá jẹ́ ògiri tí wọ́n ṣe fún gígùn nínú ilé nìkan lẹ ń gùn, ẹ lè dúró ná. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra okùn tiyín, tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí àpáta ìta bíi Stanage tàbí Harrison's, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.