Rélùwéè etí odò Ráìnì: apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Jámánì, tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè ní Koblenz tẹ́ ẹ ń lọ sí Mainz, ẹ má jókòó sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni mo fìdí kalẹ̀ sí nígbà àkọ́kọ́. Òkúta àti ẹ̀yìnkùlé onílé ni mo ń wò títí a fi dé Boppard, kí ọmọ mi tó ní, "Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ ibí lodò wà o."

Ọmọ yìí ló bímọ, mo wá bá a wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta, àbúrò mi sì ń bá mi jókòó ti ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà Jagun. Ọkọ ọmọ mi fẹ́ ká wọ ICE tó ń sáré. Mo ní kí ló ń lé wa? RB 26 tó ń rọra lọ la wọ̀. Gbogbo ìlú kéékèèké ló ń yà sí, St. Goar, Oberwesel, Bacharach, bíi mọ́tò tó kúrò ní Táki tó ń wá èrò Ọ̀yọ́. Àmọ́ kò sí kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ ló máa tẹ bọ́tìnnì kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn bí ẹni ń retí Kábíyèsí, ọmọdé kan ló bá mi tẹ̀ ẹ́.

Rheinland-Pfalz-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan, ni kẹ́ ẹ rà. Èèyàn márùn-ún lè jọ lo ẹyọ kan, ẹ ó sì fi gun rélùwéè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kó tó ṣeé lò. Ẹ má gbé e wọ ICE o.

Ìgbà kejì ni mo wá rí odò. Bí wákàtí kan àbọ̀ ni ìrìn náà, oko àjàrà rọ̀ mọ́ ara òkè bí ìgbà téèyàn sá aṣọ, ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ lójú omi. Lẹ́yìn Koblenz, kò sí afárá kankan títí a fi kọjá Bingen, ọkọ̀ omi ní ń gbé mọ́tò sọdá. Àpáta Loreley tí wọ́n ń pariwo ga ní mítà 132, ṣùgbọ́n ihò òkè mẹ́ta tẹ̀ léra ní sàkáání ibẹ̀, ojú yín á là, á tún ṣókùnkùn. Ẹni tó ti gun òkè Àdó-Àwáyè kò sì ní fò sókè nítorí rẹ̀. Ilé olódi tó wà láàárín omi ní Kaub ló wù mí. Wọ́n ní torí kí wọ́n lè máa gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rín pa mí. Ibo ni oníbodè ò dé!

Ọdún 1859 ni ojú irin yìí ti so Koblenz mọ́ Bingen. Tiwa dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ọ̀fà ni bàbá mi ti ń lọ wọ̀ ọ́ tó bá ń kó aṣọ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ìtàn Jẹ́bà ni kì í tán lẹ́nu rẹ̀, bí rélùwéè ṣe ń gun afárá Odò Ọya, táwọn obìnrin ń na ẹja díndín sójú fèrèsé. N kò dé Jẹ́bà rí, ṣùgbọ́n òun ni mo ń wò lórí Ráìnì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ta ẹja, kò sẹ́ni tó ń ta ohunkóhun. Ẹ di oúnjẹ yín dání. Dùǹdú àti ata ni mo dì, bàbá òyìnbó tó kọjú sí mi sì ń fimú fà á láti Oberwesel. Nígbà tó di Bacharach, mo na méjì sí i, ó gbà á.