Ducati 900SS àtijọ́: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó san owó

Ẹni tó bá ń wá ọ̀kadà eré tòkúnbọ̀ ti Ítálì tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, 900SS oní-kabúrétọ̀, ti nǹkan bí ọdún 1991 sí 1998, ni kó mú. Kó fi 916, Ducati mìíràn, sílẹ̀. Ẹwà 916 pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, fáàfù mẹ́jọ ló sì ní. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tu 900SS, fáàfù rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ìdajì wàhálà ti kúrò nìyẹn.

Bélíìtì táímìn-ìn, rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa rìn ní ìbámu, ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Méjì ni, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọdún méjì-méjì la sì ń pààrọ̀ wọn, kódà bí ọ̀kadà kò rìn, torí rọ́bà ń gbó níbi tó jókòó sí. Bí ó bá já, písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ sítáàtì ẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn ẹ̀, tí kò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bélíìtì, ẹ dá a dúró. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá há níbì kan, ẹ máa lọ ilé.

Fáàfù ni ibi tí ọ̀pọ̀ mekáníkì Adó-Èkìtì ti máa ṣìnà. Bajaj àti TVS ló mọ́ wọn lọ́wọ́, níbi tí sípíríìnì ti ń ti fáàfù pa. Nínú Ducati, apá irin kan ló ń ṣí fáàfù, òmíràn ló ń tì í. Àlàfo mẹ́jọ ló wà láti wọ̀n, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ kékeré tí a ń pààrọ̀, la sì fi ń tún un ṣe: kò sí nọ́ọ̀tì tí a ń fún tàbí tí a ń tú. Apá tó ń ṣí máa ń gba 0.10 sí 0.15 milimítà; èyí tó ń tì, 0.03 sí 0.05. Ẹni tí kò bá ní fílà géèjì (abẹ́ irin tí a fi ń wọn àlàfo) tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, kó má dáwọ́ lé e. Láàárín kìlómítà 10,000 sí òmíràn, ẹ tún un wọ̀n.

Rẹ́gúlétọ̀, tó ń ṣàkóso iná tó ń lọ sí bátìrì, máa ń jóná. Ẹ fi mítà sórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ eré díẹ̀: 13.5 sí 14.5 fóòtì ló dáa. Bí ó bá kọjá 15, yóò se bátìrì. Ríwáyà tó bá mọṣẹ́ lè fi èyí tó dáa ju ti ilé-iṣẹ́ lọ síbẹ̀, kó sì fi wáyà tó nípọn rọ́pò èyí tó ń lọ sí sítáàtà.

Kabúrétọ̀ Mikuni méjèèjì ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè; ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wá ihò. Epo tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ló ń dí jẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ìyẹn ni ọ̀kadà fi ń kú nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ sílẹ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, kò sí nínú ọ́ìlì, nítorí náà bí ó bá ń dún bí òkúta nínú agolo mílíìkì, kò bàjẹ́. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rọ̀, kí jíà má sì wọ fírì: rọ́bà sílíńdà kékeré ti kílọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ló ń jò.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ẹ wo férémù dáadáa níbi tí fọ́ọ̀kì ti so mọ́ ọn, torí ó máa ń sán níbẹ̀. Bóòtì gígùn tó di sílíńdà mú náà máa ń kán.

Ní ti rírìn ní Èkìtì: kì í ṣe ọ̀kadà gòsílóò. Bí ẹ bá há sí Ọjà Ọba lọ́sàn-án, sílíńdà ẹ̀yìn á gbóná ju ti iwájú lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà oníkọ́rọ́ tó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ló bá a mu, láàárọ̀, bí táyà bá ṣì dáa. Ìwọ̀n táyà ni 120/70 níwájú àti 170/60 lẹ́yìn, rímù 17. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà ni kí ẹ kà: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015, bí ó tilẹ̀ wù kí ojú rẹ̀ dúdú tó, ẹ yọ ọ́ dànù.