Iná 55W méjì tí mo so mọ́ Toyota Starlet mi: iná dáa, wáyà inú páálí ni wàhálà

Ẹ má jẹ́ n fọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Iná yìí mọ́lẹ̀ gan-an, owó tí mo fi rà á ò dùn mí, ṣùgbọ́n wáyà àti swíìṣì tí wọ́n kó mọ́ ọn nínú páálí, Ọlọ́run ló yọ mí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó mú iná nìkan, kó kó ìyókù fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré.

Kuje, l'Abuja, ni mò ń gbé, ààrin ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà yẹn lálẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà Airport báyìí, òkùnkùn biribiri ni, iná iwájú Starlet tèmi sì rèé, kò yàtọ̀ sí àtùpà mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan màlúù dúdú kan dúró sáàrin títì, kì í tiẹ̀ ṣe màlúù gan-an ni mo kọ́kọ́ rí, ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì tó ń dán yinrin ni mo rí, ni mo bá fẹsẹ̀ méjèèjì lé búrèkì. Kò tiẹ̀ mira o, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi gba Apo lọ ra iná.

35,000 lẹni tó ń tà á pè é, a ná an títí a fi parí sí 28,000. Iná roboto méjì ni, halogen, kì í ṣe LED, gílóòbù H3, 55W ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ báńpà wà níbẹ̀, wáyà pupa àti dúdú, fíùsì kan, àti swíìṣì kékeré kan tó ń tan iná pupa. Kò sí relay níbẹ̀ o, ìyẹn nǹkan tó máa ń jẹ́ kí swíìṣì kékeré tan iná ńlá láìjẹ́ pé agbára iná náà gba inú swíìṣì, èmi náà ò sì mọ̀ nígbà yẹn pé ó yẹ kó wà.

Réwáyà tó kọ́kọ́ bá mi so ó wà ládùúgbò, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fa wáyà láti orí bátìrì, ó gbà á gba inú swíìṣì lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó tún fà á padà lọ sára iná, ó tán. Ogún ìṣẹ́jú. Inú mi dùn débi pé mo fún un lówó mínírà lé e. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò ná: 55 lọ́nà méjì, 110 nìyẹn, ẹ fi volt 12 pín in, ó lé ní ampere 9, gbogbo ẹ̀ wá ń gba inú swíìṣì tí ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ọjọ́ kẹta, mò ń bọ̀ láti Lugbe, òórùn kan ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń sun ọ̀rá, mo rò pé àwọn tó ń sun pàǹtí lẹ́bàá ọ̀nà ni, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan swíìṣì yẹn tó rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù, ìtòsí swíìṣì ló fi fíùsì sí, kì í ṣe ìtòsí bátìrì. Tí wáyà bá bó níbi tó ti gba ara irin kọjá bọ́ sínú mọ́tò, kò sóhun tó máa já kí iná tó ràn.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló júwe Alfa fún mi, ní mechanic village Apo náà. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbí débi pé Yorùbá ló fi ń kí oníbàárà, Hausa ló fi ń bú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pòṣé. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín ṣe èyí?" Mi ò dá a lóhùn. Ó mú rásọ̀, ó bó wáyà pupa inú páálí yẹn, ó wá ń fi rásọ̀ ha á díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi. Ó pọ́n lókè, ó funfun nínú. Àlúmíníọ̀mù ni, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n kùn ún. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnì kí n sì tan iná, ó fi tẹ́sítà kan orí bátìrì, volt 13.9, ó fi kan ẹ̀yìn iná, 11.2. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ìyókù ti di ooru lójú ọ̀nà." Mo wá rí i pé iná tí mo rò pé ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn, bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ni mo ń rí.

Ó tú gbogbo ẹ̀ dànù. Wáyà bàbà tòótọ́, 2.5 mm, fíùsì ampere 15 tí ò ju ìka mẹ́rin lọ sí bátìrì, ó wá di relay mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi báírò ya nọ́ńbà ẹsẹ̀ relay sẹ́yìn páálí fún mi: 30 láti bátìrì, 87 lọ sára iná, 85 àti 86 ni ti kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé inú ẹ̀ tó ń mú un tan. Swíìṣì inú mọ́tò, kọ́ìlì nìkan ló ń dá lóhùn, ohun tó ń gba inú ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ampere, kò lè gbóná mọ́ láé. Nẹ́gẹ́tífù iná, ó ha ọ̀dà ara irin títí ó fi ń dán kó tó dè é mọ́ ọn. Mo ní kó fi fúúlù, iná iwájú tó ń tàn jìnnà, máa tan án, kó jẹ́ pé tí mo bá ti fi sí díìmù iná yẹn kú fúnra ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí onítírélà kankan bú ìyá mi.

Ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ ẹ̀ jù rèé. A dán an wò nírọ̀lẹ́: mo fi sí díìmù, iná tuntun tàn. Mo fi sí fúúlù, ó kú. Òdìkejì pátápátá! Ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn wà nínú mọ́tò Ẹ̀gbọ́n. Alfa ò rẹ́rìn-ín, ó ní "Kawo tester," ìyẹn ni pé kó gbé tẹ́sítà wá. Ó kan gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gílóòbù H4 inú hẹ́ẹ̀dì-láìtì, ó mirí. Nínú mọ́tò tèmi, pọ́sítífù ló ń dúró sójú kan lára gílóòbù, nẹ́gẹ́tífù ni swíìṣì hẹ́ẹ̀dì-láìtì ń gé tó sì ń so, ó ní òun ti bá a bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́. Tí mo bá wà ní díìmù, iná ń rìn gba okùn fúúlù tó wà nínú gílóòbù jáde sí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó so kọ́ìlì mọ́, kọ́ìlì relay ò sì jẹun púpọ̀, ìwọ̀nba yẹn yó o. Tí mo bá wá fi sí fúúlù, ẹsẹ̀ yẹn di nẹ́gẹ́tífù, kọ́ìlì ò rí nǹkan mú mọ́. Ó kàn yí i padà ni: 86 lọ sí ẹsẹ̀ pọ́sítífù hẹ́ẹ̀dì-láìtì, 85 gba inú swíìṣì lọ sí ẹsẹ̀ fúúlù. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Réwáyà tó ń méfò ì bá ti ra relay mẹ́ta lé e lórí.

Tẹ́sítà wá ka 13.4 lẹ́yìn iná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo rí kòtò kí n tó já sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé láti ọdún yìí. Swíìṣì náà tún wúlò tí eruku ọyẹ́ bá gba ojú ọ̀nà, torí ńṣe ni iná máa ń ta padà sójú èèyàn, mo kàn máa pa á ni.

Àléébù? Ó wà. Wákàtí méjì ni Alfa sọ, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀, oníbàárà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá sí láàárín iṣẹ́ mi. Iná ọwọ́ ọ̀tún ti mu omi nígbà òjò àkọ́kọ́, èyí kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, rọ́bà ẹnu gíláàsì ni ò dì, mo ti fi silicone lẹ̀ ẹ́. Irin tó dè é tinrin, ó máa ń gbọ̀n lójú gálọ́ọ̀pù. Tí mo bá dúró nínú gó-sílóò tí AC wà lórí, iná dáṣíbọọ̀dù máa ń rẹ̀ díẹ̀ tí mo bá tan án, nítorí náà mi ò kì í tan án níbi tí mọ́tò ò ti rìn.

Alfa gba 12,000 owó iṣẹ́, relay 3,000, wáyà àti fíùsì lọ́tọ̀. Iná nìkan, márùn-ún nínú mẹ́wàá nítorí omi yẹn. Alfa, mẹ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá máa lọ bá a, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti lọ kírun, ó di ọjọ́ kejì.